Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Owó Gbà-má-bínú Nígbà Tí Bàálù London sí Èkó Bá Pẹ́

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà ní káńtà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí bàálù yín ti fẹ́ gbéra àti ilé iṣẹ́ tó ń fò ó. Òfin Ìlú Ọba tí wọ́n ń pè ní UK261 mú gbogbo bàálù tó bá gbéra níbẹ̀, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, ì báà jẹ́ ti Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ti Èkó lọ sí London, ilé iṣẹ́ Ìlú Ọba tàbí ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nìkan ló mú. Ìdí nìyí tí British Airways fi wà lábẹ́ rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀, tí Air Peace sì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń ti London bọ̀ nìkan. Ẹni tí UK261 kò bá mú, òfin NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ni kó dì mú.

Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí bàálù fi pẹ́ sínú ímeèlì tàbí ìwé fún yín. Ẹ ya fọ́tò pátákó tó ń fi àkókò hàn, kí ẹ má sì ju boarding pass nù. Bó bá ti pé wákàtí 4, oúnjẹ àti ohun mímu ti di ẹ̀tọ́ yín. Bó bá di pé ẹ máa sùn, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ gbé yín bọ̀ jẹ́ ti wọn. Ẹ̀tọ́ yìí kò yẹ̀, kódà bó jẹ́ òjò ló dá bàálù dúró. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ ra èyí tó mọ níwọ̀n, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Owó ọtí, wọn kì í sábà dá a padà.

Lẹ́yìn wákàtí 5, ẹ lè ní ẹ ò lọ mọ́, kí ẹ gba owó tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ rò ó dáadáa o: ẹni tí kò bá rin ìrìn àjò náà kò lè gba owó gbà-má-bínú fún pípẹ́ tó pẹ́ débẹ̀.

Owó náà ńkọ́? London sí Èkó ju 3,500 kìlómítà lọ. Bí ẹ bá fi wákàtí 3 pẹ́ dé, £260 ni; bó bá tó wákàtí 4, £520 ni, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ méjì tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, £2,080 nìyẹn. Àkókò tí wọ́n ṣílẹ̀kùn bàálù ni òfin ń kà, kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀. Bí táyà bá kan ilẹ̀ ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 54, tí wọ́n wá ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ti kọjá wákàtí 4. Ẹ wo aago nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá fagi lé bàálù, ẹ yan bàálù mìíràn tàbí kí ẹ gba owó yín padà láàárín ọjọ́ 7. Bí wọn ò bá sọ fún yín ní ọjọ́ 14 ó kéré tán ṣáájú, owó gbà-má-bínú lè wà lórí èyí pẹ̀lú.

Àwáwí tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti England ti sọ ní 2014 pé ẹ̀rọ tó kàn ṣàdédé bàjẹ́ kì í ṣe àwáwí. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Ìlú Ọba sọ bákan náà ní 2024 nípa awakọ̀ òfurufú tó ṣàìsàn. Ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run Èkó, ẹyẹ tó kọ lu bàálù, ìyanṣẹ́lódì àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀: àwọn wọ̀nyí ló ń gbà wọ́n sílẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ẹ kọ nọ́ńbà bàálù, ọjọ́, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ gbogbo yín, àkókò tí ilẹ̀kùn ṣí, àti iye tí ẹ ń béèrè lábẹ́ UK261. Bí wọ́n bá fi fáúṣà lọ̀ yín, ẹ ní owó lẹ fẹ́. Ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun. Àwọn tó ń polówó pé àwọn máa bá yín gbà á ń yọ tiwọn nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí lẹ́tà kan lè ṣe.

Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá láìsí èsì, tàbí wọ́n kọ̀, ẹ béèrè àjọ tó ń parí aáwọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí CAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Ìlú Ọba. Ilé ẹjọ́ ló kàn lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún 6 ni àyè ẹjọ́ fi ṣí ní England àti Wales, ọdún 5 ní Scotland, nítorí náà bàálù tó pẹ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì lè san owó fún yín.