Bí A Ṣe Ń Fi Ìwádìí Kékeré Fa Ọmọbìnrin Wọnú Sáyẹ́ǹsì

Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé, kí ẹ sì lọ rí ìyá ọmọ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń kiri ọjà lẹ́yìn ilé ìwé ò lè dúró dè yín di aago márùn-ún. Ìsinmi ọ̀sán Ọjọ́rú lèmi máa ń lò. Ọmọ mẹ́rin ti tó. Ẹ má jẹ́ kí tíṣà kó kìkì àwọn tó ń gba ipò kìíní fún yín. Ẹ béèrè ọmọ tó máa ń da ìbéèrè bolẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó jókòó.

Ìbéèrè ìwádìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Àgbàlagbà á ti di ìbéèrè sápò láti ilé, á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, á ní ìwádìí ọmọ ni. Níbi ìdíje kan, adájọ́ bi ọmọ kan pé kí ló dé tí iye ọjọ́ kẹta fi kéré. Ọmọ yíjú sí tíṣà rẹ̀. Tíṣà ló kọ gbogbo rẹ̀!

Ẹnu ọmọ ni kí ìbéèrè ti jáde. Gígé e kúrú ni tiyín. Ó lè ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ̀fọn fi pọ̀ ládùúgbò wa?" Ìyẹn ju agbára ọmọ SS1 lọ, ó ju tèmi náà lọ. Ẹ má sọ pé kò dára o. Ẹ bi í pé níbo ló ti ń rí wọn, kí ló wà níbẹ̀, kí la lè kà níbẹ̀. Ẹ ó bá a dé ibi tó ṣe é ṣe: ṣé inú ike dúdú ni tanwíji ti ń pọ̀ jù ni, àbí inú ike funfun? Tí ẹ bá mọ ìdáhùn, ẹ gbé e mì.

Ike bọ́tà tó ti tán ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọ̀rá dúdú wé mẹ́ta, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀ ní funfun. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò tó, torí ewúrẹ́ á da ọ̀kan nù. Omi kan náà, ìwọ̀n kan náà, abẹ́ ibòji kan náà. Kí ọjọ́ keje tó pé, ẹ da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, torí nínú ooru wa yìí, bí ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí ẹyin di ẹ̀fọn. Ìyá wo ló máa gbà kí ẹ wá sin ẹ̀fọn sẹ́yìnkùlé òun?

(Ọmọ tó bá kórìíra tanwíji, ẹ fún un ní omi sobo. Ọsàn wẹ́wẹ́ á mú un pọ́n sí i, omi eérú á sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Kò sídìí láti ra bébà lítímọ́ọ̀sì, bébà tó ń yí àwọ̀ padà tí wọ́n fi ń mọ ohun tó jẹ́ ásíìdì.)

Bíró ni kí wọ́n fi kọ iye tanwíji tí wọ́n bá kà, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Èyí tó bá ṣì, kí wọ́n fa ìlà kan lé e, kó ṣì ṣe é kà.

Bí wọ́n bá ń kà, mo máa ń sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Oladunni Taylor fún wọn, tó gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO, tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì lágbàáyé, lọ́dún 1998, àti ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Falusi, tó gbà á lọ́dún 2001 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí àìsàn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí ọmọ máa sọ ohun tó rí, ẹ pe ìyá rẹ̀, kí ọmọ sì kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́. Bí ìyá bá bi í ní ohun tí kò lè dáhùn, ẹ panu mọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Òun ni ìwádìí tó kàn.