Kánópì tó gbé Gálílì wa dé ₦41,000

₦18,000 ni èmi àti ẹlẹ́kánópì jọ sọ ọ́ sí. Kánópì méjì, ₦6,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta àga onírọ́bà, ₦100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọkọ̀ òun ni yóò kó wọn wá, òun náà ni yóò sì wá kó wọn padà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa parí, ₦41,000 ló ti jáde nínú àpò wa, kánópì kan ṣoṣo la sì rí, ẹsẹ̀ ìyẹn náà kò pé. Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Bí ẹ bá wà ní Kàbà, tàbí ní ìlú kékeré mìíràn nílẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí ìjọ yín kò ju ti inú pálọ̀ lọ, tí ẹ sì ń gbèrò àtilọ sí Gálílì lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ẹ jókòó kí n rò ó fún yín.

Àwa kì í ṣe ìjọ ńlá. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà wa, kò sí pásítọ̀ tó ń gba owó oṣù. Pálọ̀ Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà la ti ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Bí gbogbo wa bá pé, pẹ̀lú àwọn ọmọdé, a lè lé díẹ̀ ní ogójì. Àwọn kan ṣì ń lọ sí ECWA láàárọ̀, àwọn kan jẹ́ ọmọ Àgùdà, ẹlòmíràn kò sì ní ibòmíràn ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Èmi ni wọ́n fa ètò Gálílì lé lọ́wọ́ lọ́dún 2025, inú mi sì dùn sí i.

Gbogbo wa la mọ Gálílì: ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, tí kálukú ń jáde nílé lọ jẹun, lọ jó, nítorí ohun tí Jésù sọ nínú Mátíù orí 28, pé kí wọ́n sọ fún àwọn arákùnrin òun kí wọ́n máa lọ sí Gálílì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí òun. Oko kajú ẹ̀gbọ́n wa kan lójú ọ̀nà Ìyàrà ni Gálílì tiwa.

Ẹ lè bi mí pé kí ni ìjọ inú pálọ̀ ń fi kánópì ṣe. Ọjọ́ tí ọdún bọ́ sí ló fà á. Àjíǹde kì í dúró sójú kan; ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tó bá bọ́ sí 21 Oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Lọ́dún 2024, 31 Oṣù Kẹta ló jẹ́. Ilẹ̀ ṣì gbẹ, abẹ́ igi máńgòrò méjì tó wà lẹ́bàá ahéré gba gbogbo wa. Lọ́dún 2025, ó sún di 20 Oṣù Kẹrin, Gálílì wá di 21. Nílẹ̀ wa níbí, ogúnjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Òjò àkọ́rọ̀ ti dé, kì í sì í dá wá. Ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn tí mo fi ní ká yá kánópì, mo sì rò ó dáadáa.

Ti oúnjẹ, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀, àwọn ìyá mọ iṣẹ́ wọn. Iṣu nìkan ló wọ́n, nítorí iṣu èṣí ló kù lọ́jà lásìkò yẹn, ó ti hu lórí, tuntun kò sì tíì jáde. Wọ́n ṣa èyí tó ṣì níláárí, a rà á, ó tán.

Kí ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó dé ni mo ti lọ bá ẹlẹ́kánópì. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. “Òkun o, ẹ̀gbọ́n mi!” Ó gbé àga fún mi, ó ṣí ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ó kọ orúkọ mi síbẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó kọ iye kánópì àti iye àga. Mo fi ₦10,000 àsansílẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, álátì dún lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú mi. Kí ló tún kù?

Ohun tó kù ni pé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde kì í ṣe ti ìjọ nìkan ní Kàbà. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Abuja, ní Lọ́kọ́jà, ní Èkó máa ń rọ́ wálé. Bí wọ́n bá sì ti wálé, wọn á sin òkú tó ti wà ní mọ́ṣúárì láti ọjọ́ pípẹ́, wọn á gbéyàwó, wọn á ṣílé, àwọn ẹgbẹ́ ìlú á ṣèpàdé. Kánópì tó wà nígboro kò sì pọ̀ sí i nítorí pé èrò dé. Ẹni tó fẹ́ sìnkú ń gba mẹ́wàá, ìwọ ń gba méjì. Ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n máa dá lóhùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, mo ní kí n yà wò ó. Mi ò tètè débẹ̀, nítorí àwọn Àgùdà ń ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú lọ lójú títì. Wọ́n gbé àgbélébùú onígi ńlá kan, wọ́n ń dúró, wọ́n ń kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà tó ti gbóná, àwọn ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n ń dúró dè wọ́n. Èmi náà ṣí fìlà. Ìjìyà Olúwa ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí mo dé àgbàlá ẹlẹ́kánópì, mo bá a tó ṣófo. Ọmọ iṣẹ́ kan ló dá jókòó, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ìwé yẹn wà lórí tábìlì, mo ṣí i. Orúkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi báírò pupa fa igi lé e lórí. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni: “Òkú. Kánópì 10. Furaidé títí dé Mọ́ńdè.”

Mo pe ẹlẹ́kánópì, kò gbé e. Mo gba fóònù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, mo fi pè é, kíá ló gbé e.

“Dá owó mi padà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo ti fi owó yẹn ra epo.”

Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ó ní àwọn ọlọ́kùú ń san ju iye tí mo san lọ, pé bí mo bá lè fi ₦8,000 kún un, owó ọdún ni kí n pè é, òun á yọ́ méjì yọ fún mi láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó tó di aago mẹ́jọ. Mo pa fóònù mọ́ ọn lójú. Mo wá gbogbo ẹlẹ́kánópì tó kù nílùú lọ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí nǹkan rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo fi ₦8,000 ránṣẹ́.

Ọjọ́ Àjíǹde fúnra rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́. A pàdé ní ìdájí, Kristi jíǹde, ó jíǹde lóòótọ́, a kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo wa ti wà níwájú ilé Màmá kí aago mẹ́jọ tó lù. Aago mẹ́jọ lù, ó kọjá. Bọ́ọ̀sì àwọn ìjọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ, ìlù ń dún, àwọn ọmọ yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń fọn fèrè. Àwọn ọmọ tiwa á wò wọ́n, wọn á wá yíjú wò mí.

Mo pe ẹlẹ́kánópì. Ó ní píkọ́ọ̀pù òun ti gbé kajú lọ. Òótọ́ ni pé ìgbà kajú nìyẹn, àwọn oníkajú ń san owó gidi lórí ẹrù, awakọ̀ rẹ̀ rí owó, ó bá owó lọ. Bí mo bá fẹ́ kí òun wá ọkọ̀ mìíràn, kí n fi ₦5,000 ránṣẹ́. Ẹ rántí pé owó ọkọ̀ ti wà nínú ₦18,000 àkọ́kọ́! Mo fi ránṣẹ́. Fóònù rẹ̀ kú.

A dúró títí. Ìgbà tó yá, ọmọ iṣẹ́ yẹn pè mí fúnra rẹ̀. Mo rò pé ó ti dé ìkóríta, ó fẹ́ béèrè ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé Póòpù ti kú.”

“Ta ló kú?”

“Póòpù. Ti Róòmù. Ọ̀gá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mo láálí ọmọ náà. Mo ti gbọ́ irọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, mi ò gbọ́ irú ìyẹn rí. Àfi ìgbà tí mo ṣí WhatsApp tí mo rí i pé òótọ́ ni. Póòpù Francis kú láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹni ọdún 88, ẹni tó ṣì jáde sójú èrò ní Róòmù lọ́jọ́ Àjíǹde láti súre fún wọn. Arábìnrin wa kan tí wọ́n bí sílé Àgùdà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. A kóra jọ, a gbàdúrà. Tọkàntọkàn ni mo gbà á, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá náà sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, kí ló kan kánópì nínú ikú Póòpù?

Màmá ló ní ká máa lọ. “Nígbà tí Òyìnbó Titcombe gbé ìyìn rere dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ta ló yá a ní kánópì?” Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni Màmá. Kò sí ẹjọ́ tí kò lè fi Titcombe parí.

A pe kẹ̀kẹ́ Márúwá, a fi kó èrò díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wa fi dé oko. A tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò. Àwọn ọmọ ṣeré Àjíǹde tí mo fi gbogbo Lẹ́ńtì kọ́ wọn, mo sì lè fọ́nnu lórí ìyẹn: kò sí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi tirẹ̀ kún un. Ọmọkùnrin tó ṣe Tòmáàsì dìde, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní: “Bí mi ò bá fi ọwọ́ mi kan kánópì náà, mi ò ní gbàgbọ́!” Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó kàn jẹ́ pé tèmi kò dénú.

A ti ń gún iyán nígbà tó dé. Kánópì kan. Orúkọ olóṣèlú kan wà lára rẹ̀ gàdàgbà láti ìgbà ìbò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí. Ọmọ iṣẹ́ gé ẹ̀ka igi, ó fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ irin. Àwọn àga kò tó ogójì. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti gbẹ mọ́ ìjókòó wọn, nígbà tí mo sì ń ya méjì tó lẹ̀ mọ́ra, egungun adìyẹ já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. A bu omi mímu wa fọ àga.

A kò tíì jẹ iyán náà tán tí ojú ọ̀run fi yí padà níhà Ìyàrà. Ìjì dé. Ẹ̀ka igi yẹn ló kọ́kọ́ dá, gbogbo kánópì sì doríkodò, ó wọ́ lọ fara gbá igi kajú, irin rẹ̀ méjì tẹ̀. Kálukú sá wọ ahéré. Ìkòkò ọbẹ̀ ni àwọn ìyá kọ́kọ́ gbé, kò sẹ́ni tó rántí spíkà. Ahéré tí wọ́n kọ́ fún àpò kajú gba gbogbo wa, ẹnìkan ń jókòó lé ẹsẹ̀ ẹnìkejì, òjò ń lu páànù, a kò gbọ́ ohùn ara wa, síbẹ̀ a kọrin. Àwọn ọmọ ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé ibẹ̀ ló dùn jù. Kò sí kánópì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́kánópì wá sí pálọ̀ Màmá, ó kí wa kú ọdún, ó ní a jẹ òun ní ₦20,000 owó irin. Mo ní igi tí ọmọ rẹ̀ so ló dá. Ó ní ìjì Ọlọ́run ni. Mo ní kó lọ gba owó lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà. Màmá ní kí n panu mọ́. Wọ́n dúnàádúrà, ó já sí ₦10,000, mo san án pẹ̀lú ₦8,000 tó kù nínú ₦18,000 àkọ́kọ́, títí di ìsinsìnyí ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tí mo lè sọ fún ẹni tó bá fẹ́ yá kánópì lásìkò ọdún ni pé kó má bi wọ́n bóyá ó wà. Wọ́n á ní ó wà. Ta ló ń lò ó lọ́jọ́ tó ṣáájú tìrẹ ni kó bi wọ́n, kó sì lọ gbé e sílé fúnra rẹ̀ ní Sátidé, bó tiẹ̀ máa san owó ọjọ́ méjì lé e. Kánópì tó bá sùn lẹ́yìnkùlé rẹ nìkan ni tìrẹ. Kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó má sì gbára lé píkọ́ọ̀pù ẹnikẹ́ni nígbà kajú.

Ní tiwa, tapólì ńlá kan la dáwó rà, ₦26,000. Okùn wà lára rẹ̀, igi máńgòrò méjì yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìjọ kékeré mìíràn ní Kàbà bá fẹ́ lò ó ní Sátidé tàbí lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n wá bá mi, mi ò ní í gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ Gálílì nìkan ni mi ò ní í yá ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe òkú bàbá ta ni.