Ọ̀kadà Tuntun Ti Bàjẹ́, Wáráńtì Ṣì Wà: Ohun Tí Ẹ Ń Bi Mí Lójoojúmọ́

Páàtì ọ̀kadà ni mò ń tà ní Adó-Èkìtì. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, mi ò sì bá ilé-iṣẹ́ ọ̀kadà kankan ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má ti ọ̀kadà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kó ní, "Àǹtí, ó ti kú o, kí ni kí n rà?" Ẹ̀rín a pa mí, inú a sì tún bí mi. Ohun tí ẹlòmíràn yẹ kó fowó ara rẹ̀ tún ṣe fún yín nítorí wáráńtì, ìyẹn ìlérí tí wọ́n ṣe lórí ọjà tuntun, lẹ fẹ́ fi owó oúnjẹ ọmọ yín ṣe. Tí ẹ bá taku, màá tà á fún yín o, ọjà ni mo gbé síta. Àmọ́ ẹ ka èyí ná.

Ọ̀kadà mi tuntun kọ̀, kò stáàtì láàárọ̀. Ṣé kí n gbé e padà fún àwọn tó tà á?

Epo ńkọ́? Ṣé ẹ ti ṣí táàpù abẹ́ táǹkì? Bọ́tìnì pupa tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí àwọn ọmọ máa ń fi ṣeré, ṣé wọn ò ti pa á? Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Iná kò tàn, họ́ọ̀nù kò dún.

Fíúsì. Tí fíúsì bá dáa, bátìrì ni. Wọ́n lè má gba iná sí i kó kún kí wọ́n tó gbé ọ̀kadà fún yín. Ẹ tètè gbé e padà, torí wáráńtì bátìrì sábà máa ń kúrú ju ti ọ̀kadà fúnra rẹ̀ lọ.

Ìwé wo ni kí n tọ́jú?

Rìsíìtì tó ní orúkọ yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣáásì. Ìwé wáráńtì tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ọ̀kadà, kẹ́ ẹ fi wé ti inú ìwé. Oníbàárà mi kan láti Ìlawẹ̀, 3 ni wọ́n kọ níbi tí 8 yẹ kó wà. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dákẹ́, wọ́n ní ọ̀kadà tó wà nínú ìwé kọ́ nìyẹn. Ó lọ, ó bọ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó tún nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ.

Mi ò tíì gùn ún púpọ̀. Ṣé dandan ni sáfíìsì àkọ́kọ́?

Dandan ni. Ẹ wo ìwé àlàyé tó bá a wá: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi sáfíìsì àkọ́kọ́ sí àárín 500 sí 1,000 kìlómítà, wọ́n á sì tún dá ọjọ́ sí i. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú kìlómítà àti ọjọ́ lẹ máa tẹ̀ lé. Irin ń ha irin nínú ẹ́ńjìnnì tuntun, eruku irin yẹn sì ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ ló ń kó o jáde. Tí ẹ bá lọ yí i lẹ́bàá ọ̀nà torí pé ibẹ̀ yá, ọ́ìlì yẹn lè dáa ju tiwọn lọ, òǹtẹ̀ wọn nínú ìwé sáfíìsì ni kò ní sí. Òǹtẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Kí ni wáráńtì kì í kàn?

Gbogbo ohun tí lílò ń jẹ: ṣéènì, táyà, bùréèkì, gílóòbù, plug, wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Kì í kan ìṣubú. Kì í kan ẹrù àpọ́jù. Ẹ ò lè di àpò usu mẹ́ta (bẹ́ẹ̀ ni, usu, ará Èkìtì ni mí) mọ́ ìyàwó àtọmọ, kẹ́ ẹ fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kẹ́ ẹ wá ní ilé-iṣẹ́ ló ba kílọ́ọ̀ṣì yín jẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé èrò lẹ fẹ́ máa fi gbé, ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìwé wáráńtì mìíràn máa ń gé oṣù kúrò fún ọ̀kadà tí ń pawó, òmíràn kì í tilẹ̀ gbà á rárá.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa kàn tú u wò díẹ̀ ni.

Ó tán nìyẹn.

Ẹ má bínú, mi ò lè purọ́ fún yín. Mi ò kórìíra mẹkáníìkì àdúgbò, àwọn ló ń bọ́ mi. Nígbà tí wáráńtì bá parí, ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ lọ, òmíràn nínú wọn mọṣẹ́ ju ẹni tó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí sípánà wọn kan orí bóòtù ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sí. Tí ọ̀dà yẹn bá ti já, ẹni tó tà á fún yín ti rí ohun tó máa sọ, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ á di ẹ̀bi ẹni tó tú u.

Ariwo kan ń ti orí ẹ́ńjìnnì jáde, tà-tà-tà-tà. Wọ́n ti tún tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (àwọn skúrù kékeré orí ẹ́ńjìnnì) ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń dún.

Hẹn. Èyí ni mo lè fi gbogbo òru sọ.

Ní 2022 mo ra ọ̀kadà 125 tuntun kan fún ṣọ́ọ̀bù, kí àbúrò mi ọkùnrin lè máa fi gbé páàtì lọ fún àwọn oníbàárà ní Ìjerò, Ìkọ̀lé, títí dé Ọ̀mùò. Mi ò ní dárúkọ ọ̀kadà náà, mi ò sì ní dárúkọ ibi tí mo ti rà á. Nígbà tó tó 1,100 kìlómítà, ariwo bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ kì í dún. Tó bá ti gbóná, tó wá kan òkè, á máa dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo lójú látọdún tó kọjá.

Mo gbé e lọ. Wọ́n tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo padà lọ, wọ́n tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Màmá, ọ̀kadà tuntun máa ń pariwo, ó máa mọ́ra." Mo ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà tó ti rìn láìdún ńkọ́, ṣé ìgbà yẹn ni kò tíì tuntun? Ó gbójú kọjá lórí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún àbúrò mi. Àbúrò mi ní, "Ẹ bá wọn sọ ọ́ o, èmi ò mọ nǹkan kan, gígùn ni mo mọ̀."

Nígbà kẹta, mo ní mi ò ní fi ọ̀kadà sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tó ń ṣe, kìlómítà tó wà lójú rẹ̀, ọjọ́, àti pé ìgbà kẹta nìyí. Ẹ gbà mí gbọ́, bírò tí wọ́n fi kọ ọ́ yẹn ṣiṣẹ́ ju ẹnu mi lọ. Wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ náà gan-an. Imú kámù, irin tó ń yí nínú orí ẹ́ńjìnnì, ti jẹ; ojú rọ́kà, irin tí kámù ń tì, ti dàbí ibi tí eku ti jẹun. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde ni pé a ò yí ọ́ìlì. Mo na ìwé sáfíìsì sí wọn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tiwọn lójú rẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi retí páàtì láti Èkó. (Mo ní irú kámù yẹn méjì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tí mo bá fi tèmi sí i, wáráńtì tán.) Wọ́n fi kámù àti rọ́kà tuntun sí i, mo dúpẹ́, a lọ.

Lẹ́yìn 700 kìlómítà, tà-tà-tà.

Ẹnìkan ní àbúrò mi ń fi jíà gíga gun òkè. Ìyá kan ní ọjà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n lọ wádìí ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Mo wádìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kámù ni mo bi. Wọ́n ti fún mi ní èyí tó kọ́kọ́ jẹ, mo gbé e sórí tábìlì mi. Mo ti rí kámù tí kò tíì pẹ́ tó sì ti jẹ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé e wá fi ra òmíràn. Èyí tó kàn gbó máa ń dán. Èyí tí òùngbẹ ọ́ìlì pa máa ń ṣú, bíi pé iná ti jó o. Tèmi ṣú. Ọ́ìlì wà nísàlẹ̀, ó kún dé àmì, kò kàn gòkè ni.

Mo padà lọ, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe nǹkan kan péré lójú mi. Ẹ ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ẹ stáàtì ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, ẹ má fún un níná, ká jọ máa wo ibẹ̀. Wọ́n ṣe é. A wò títí, ọ̀rinrin lásán la rí. Ọ̀gá náà sáré pa á. Mo ní ó yá, ẹ ti irú rẹ̀ tí ẹ ò tíì tà wá, ẹ ṣe é bákan náà. Èyí kò jẹ́ ká ka ogún tí ọ́ìlì fi ta sí i lára. Àbúrò mi tó ní gígùn nìkan lòun mọ̀ ti fi fóònù ká méjèèjì sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá yọ bulọ́ọ̀kù, irin tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, gọ́ọ̀mù pupa tí wọ́n fi ń lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì (pépà tó ń dí àárín irin méjì) ló ti wọ inú ihò tí ọ́ìlì ń gbà gòkè sí orí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fi í sí i fi í pọ̀ jù, nígbà tó di bóòtù mọ́lẹ̀, gọ́ọ̀mù fún pọ̀ wọnú ihò. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kú, díẹ̀díẹ̀ ló ń pa á. Nígbà àkọ́kọ́, orí ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n yọ, wọn ò yọ bulọ́ọ̀kù, nítorí náà wọ́n kàn gbé kámù tuntun lọ fún ohun tó pa ti àkọ́kọ́.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Tí wọ́n bá ti tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má gba ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ́ìlì ń dé òkè, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ má ṣí i fúnra yín nílé o! Wọ́n ní láti ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù wọn, lójú yín, kí fóònù wà lọ́wọ́ yín.

Kò tíì tán. Irin tó jẹ kúrò lára kámù kì í lọ sí ọ̀run, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń lọ. Mo ní kí wọ́n fọ ìsàlẹ̀, kí wọ́n fọ asẹ́ ọ́ìlì, kí wọ́n ṣí pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì wò. Wọ́n ní kò pọn dandan. Pọ́ọ̀ǹpù tí kò pọn dandan yìí, nígbà tí wọ́n ṣí i, inú rẹ̀ ti ha. Wọ́n pàrọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní wáráńtì kan páàtì, àmọ́ kí n san owó iṣẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín nínú ìwé wáráńtì. Ìwé mìíràn kọ ọ́ lóòótọ́, ẹ ò ní lè jà sí i. Èmi, ₦18,000 ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ka ìwé náà sí wọn létí látòkè dé ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mi ò san án.

Wọ́n ní páàtì kò tíì dé, ó ti pé oṣù méjì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi fóònù bá wọn jà mọ́. Ẹ kọ lẹ́tà: ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá, ohun tí wọ́n sọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn. Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà kan, kí wọ́n fọwọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọ̀kadà náà wọlé, torí ẹni tó tà á fún yín lè má tíì sọ fún wọn rárá.

Òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. FCCPA 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ẹni tó ra ọjà lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí tó dáa, tó ṣeé lò fún ohun tí wọ́n tà á fún, tó sì lè lò pẹ́ dé ìwọ̀n tó bójú mu. FCCPC ni àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ sáré lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ òfin náà sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín, kẹ́ ẹ wo bí páàtì tí kò dé ṣe máa dé. Ẹni tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ ni FCCPC náà kò ní rí nǹkan ṣe fún.

Wọ́n ti tún un ṣe. Ṣé kí n máa gùn ún lọ bíi ti tẹ́lẹ̀?

Rárá. Tí wọ́n bá fi kámù, rìngì tàbí písítínì tuntun sí i, ẹ ṣe é bí ọ̀kadà tuntun: ẹ má sá a, ẹ má di ẹrù rẹpẹtẹ lé e, kẹ́ ẹ sì tètè yí ọ́ìlì àkọ́kọ́. Èmi yí tèmi ní 300 kìlómítà. Kẹ́ ẹ sì gba ìwé tó to gbogbo ohun tí wọ́n pàrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "A ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe" kì í ṣe ìwé.

Àǹtí, ọ̀kadà yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti tà á?

Ó wà níbí. Àbúrò mi gbé e lọ sí Ìkọ̀lé láàárọ̀ yìí.