Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ife Wo Ohun tí Èéhó Ń Ṣe Lára Gíláàsì

Ife gíláàsì méjì tó jọra, ẹlẹ́rìndòdò aláìláwọ̀, sáńpépà díẹ̀, àbẹ́là àti tọ́ọ̀ṣì fóònù: ohun tí ẹ nílò kò ju báyìí lọ. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìdánwò yìí ni mo sì fẹ́ràn jù, torí ojú lásán ti tó láti rí gbogbo rẹ̀. Èéhó tí mò ń wí ni róbótó afẹ́fẹ́ tó ń gòkè láti inú omi, kì í ṣe ìfòfó tó ń bo ojú rẹ̀.

Ẹ fi omi rin sáńpépà, kí ẹ fi họ ojú kan ní ìsàlẹ̀ inú ife kan, kó má ju ìbú èékánná lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọṣẹ fọ ife méjèèjì, kí ẹ ṣàn wọ́n títí ọṣẹ yóò fi tán pátá, kí ẹ dojú wọn dé kí wọ́n gbẹ fúnra wọn. Ẹ má fi aṣọ nù wọ́n o! Fọ́nrán tínínrín tí aṣọ ń fi sílẹ̀ máa ń gbé afẹ́fẹ́ pamọ́ sínú, yóò sì da gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí rú. Bí wọ́n bá ti gbẹ, ẹ fi àbẹ́là fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ inú ife tí ẹ họ. (Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu nǹkan nínú ife yẹn mọ́.)

Ẹ wá rọra da ẹlẹ́rìndòdò sínú méjèèjì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí wọn láti ẹ̀yìn. Ife tí ẹ kò họ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Nínú èkejì, èéhó yóò máa tò tẹ̀léra láti ojú ibi tí ẹ họ.

Omi kan náà ni, kí ló fà á? Gáàsì carbon dioxide ti pọ̀ jù nínú omi náà láti ìgbà tí ẹ ti ṣí ìdérí, ó ń wá ọ̀nà àtijáde. Ṣùgbọ́n ojú omi máa ń fún èéhó mọ́ra, bí èéhó bá sì ṣe kéré tó ni ìfúnpọ̀ náà ṣe ń le tó. Èéhó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú 10,000 mìlímítà, ìfúnpọ̀ tó wà lórí rẹ̀ tó bí ìlọ́po 14 agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá. Kò lè dàgbà. Gáàsì inú rẹ̀ yóò padà sínú omi. Ibi tí a họ ní kòtò tí omi kò ráyè wọ̀, afẹ́fẹ́ sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gáàsì ń wọ inú rẹ̀, èéhó ń tóbi, ó já, ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó kàn.

Ẹ wo ìlà èéhó náà dáadáa: bí wọ́n ṣe ń gòkè ni wọ́n ń tóbi, ni wọ́n sì ń jìnnà síra, torí èyí tó tóbi ń yára ju kékeré lọ.

Ẹ wá kan ife náà ní pẹ́lẹ́. Èéhó ara gíláàsì mímọ́ yóò tètè já, torí omi máa ń yọ́ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ àbẹ́là, nítorí náà èéhó tó wà níbẹ̀ máa ń tẹ́ ẹsẹ̀ fẹ̀, á rọ̀ mọ́ ọn, á sì tóbi gan-an kó tó kúrò.

Jẹ́jẹ́ làwọn èéhó wa yìí. Àwọn tó ń wó lójijì lẹ́bàá abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Lord Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣírò bí irú èéhó bẹ́ẹ̀ ṣe ń wó ní 1917, ṣùgbọ́n èyí tí kò sí ohunkóhun nítòsí rẹ̀ ló ṣírò. Bí irin bá wà nítòsí, ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí irin ló máa kọ́kọ́ ya wọlé, omi tínínrín á sì gba àárín èéhó lu irin náà. Bí èyí bá pọ̀, irin á dá kòtò. Ẹ má fi ìgò omi dán irú rẹ̀ wò, ìdí ìgò lè fọ́.

Bí èéhó bá dáwọ́ dúró nígbà tí omi yín ṣì ní gáàsì, omi ti wọ kòtò náà nìyẹn. Ẹ dà á nù, kí ẹ jẹ́ kí ife gbẹ pátápátá, kí ẹ tún un dà.