Bí mo ṣe rí ohun ìṣeré tó bá Dúdúyẹmí lára mu

Òwú ni Dúdúyẹmí, ológbò mi, kọ́kọ́ fi ṣeré. Ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì là ń gbé ní Pàkátà, níbí ní Ìlọrin, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé àjákù òwú wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti àárọ̀ dalẹ́. Màá mú ọ̀kan, màá máa wọ́ ọ nílẹ̀, Dúdúyẹmí á lúgọ sẹ́yìn àga, á máa mi ìdí, á sì fò mọ́ ọn. Inú mi máa ń dùn. Mo rò pé mo ti rí ohun ìṣeré ọ̀fẹ́.

Abo ológbò ni, ó dúdú kirikiri, ó sì ti lé lọ́dún méjì. Tẹ́lẹ̀, ìta ló máa ń wà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan fi májèlé eku sínú ẹja ládùúgbò, ológbò méjì sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Eku tó ti jẹ májèlé gan-an lè pa ológbò tó bá jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyọnu wá bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, Dúdúyẹmí á ti máa bu ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi jẹ lábẹ́ aṣọ ìbora. Á gun kọ́tìnnì, á fi ọwọ́ ti ife kúrò lórí tábìlì, á wò ó títí táá fi fọ́. Ìyá mi ní kí n lọ gbé e fún ẹni tó ní àká àgbàdo, kó lè máa bá wọn pa eku. Ó dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwà burúkú. Ọdẹ ni ológbò. Ẹran tó ń lúgọ de alángbá láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni mo tì mọ́ yàrá méjì, agbára ọdẹ náà ò sì kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi òwú bá a ṣeré léraléra.

Ọjọ́ Jímọ́ kan, mo rí òwú pupa tó yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti mú orí òwú náà, ó ku kí n fà á, ni ìyàwó àbúrò mi bá di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.” Kò sí ọjọ́ tí mi ò kí i fún ọ̀rọ̀ yẹn.

Dókítà la ẹnu rẹ̀, òwú ti lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún kéékèèké tó kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun, ohun tó bá ti há síbẹ̀, inú ló ń bá lọ, ó ṣòro fún un láti tu ú jáde. Bí orí kan òwú bá há sábẹ́ ahọ́n, tí ìyókù ti wọ ìfun, ìfun á máa ṣiṣẹ́, á máa ká ara rẹ̀ jọ sórí òwú bí ìgbà tí okùn ṣòkòtò ń ká ojú ìbàdí ṣòkòtò jọ. Òwú náà lè gé ìfun. Èmi tí mo sì fẹ́ fà á látìta, iṣẹ́ kan náà ni ǹ bá ṣe. Wọ́n gé èyí tó lọ́ mọ́ ahọ́n, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n ní ká máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá yà á, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ọjọ́ kẹta ló yà á, ó tó gígùn apá mi. Mo sunkún lẹ́bàá ìgbẹ́ ológbò lọ́jọ́ náà, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó jókòó yan ohun ìṣeré bó ṣe yẹ. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn nǹkan kò pọ̀: ṣé ó tóbi ju ohun tó lè gbé mì lọ? Bí mo bá fi gbogbo agbára fà á, ṣé nǹkan kan máa já kúrò lára rẹ̀? Mo ra eku aláṣọ kan ní ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà Táíwò, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ojú rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìrù rẹ̀. Mo yọ ojú, mo gé ìrù, kí n tó gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ni mo rán tèmi fúnra mi, àkísà àǹkárá tí mo ká mọ́ra, tí mo rán pinpin. Èyí tí mo rán ló fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé òórùn mi wà lára rẹ̀.

Olórí gbogbo wọn ni ọ̀pá. Mo wá pàǹkẹ́rẹ́ gígùn kan. Mo tọrọ ìyẹ́ ìrù àkùkọ lọ́wọ́ àwọn tó ń pa adìẹ ní Ìpàta, mo fọ̀ ọ́, mo sá a gbẹ. Dípò okùn, mo ya aṣọ tó fẹ̀ tó ìka méjì, mo fi so ìyẹ́ mọ́ orí ọ̀pá. Èmi ni mo máa ń dì í mú, bí a bá sì ti ṣeré tán, màá gbé e kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohunkóhun tó bá gùn tó sì rọ̀, n kì í fi Dúdúyẹmí nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú un rìn. Mo máa ń gbọn ìyẹ́ náà síwájú imú rẹ̀, á kàn wò mí, á yíjú kúrò. Ọ̀sán kan ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí mò ń wo alángbá lára ògiri. Alángbá kì í rìn wá bá ológbò. Á sáré díẹ̀, á dúró, á mi orí, á tún sáré, á yọ́ wọ inú ihò. Mo wọlé, mo mú ìyẹ́ rìn bẹ́ẹ̀: mo wọ́ ọ lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo dá a dúró, mo jẹ́ kí orí rẹ̀ nìkan yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ àga. Ojú Dúdúyẹmí yí padà, ẹyinjú rẹ̀ dúdú roboto. Ohun tó bá wà níwájú imú ológbò gan-an, kì í rí i kedere. Ohun tó ń sá lọ lókèèrè díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń mú.

Ẹ má kánjú bó bá lúgọ tí kò fò. Lílúgọ yẹn wà nínú eré. Bó bá sì fò mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó mú un, kó bù ú jẹ, kó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta á. Ọmọ àbúrò mi gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń tan iná pupa wá, Dúdúyẹmí lé iná náà káàkiri ògiri, kò rí nǹkan kan mú, ó sì ń wá a kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí a ti pa á. Mi ò jẹ́ kí wọ́n tan án sí i mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ṣeré lójúmọ́, lẹ́yìn Àsùbáà àti lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, nítorí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara ológbò máa ń jí pépé. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Nínú ooru oṣù kẹta, tí kò bá sí iná, n kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti la ẹnu tó ń mí hẹlẹ, mo ti dáwọ́ dúró. Bí eré bá fẹ́ parí, màá jẹ́ kí ìyẹ́ náà máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹran tó ń kú lọ, á mú un, màá sì gbé oúnjẹ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó pa ẹran, ó jẹun, ó lá ara rẹ̀, ó sùn. N kì í fi ọmọ ìka bá a ṣeré mọ́. Èmi ni mo fi kọ́ ọ láti bu ẹsẹ̀ jẹ nígbà tó wà ní kékeré.

Àwọn yòókù ò ná mi lówó. Páálí Indomie tí mo dá ojú sí lára. Kíréètì ẹyin tí mo ń fi ẹran adìẹ bíbọ̀ sí nínú ihò rẹ̀, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, torí májèlé ni àlùbọ́sà fún ológbò. Á máa fi ọwọ́ wa ihò kọ̀ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ odó wa tó ti là, káfíńtà kàn án mọ́ pákó fífẹ̀, mo wé okùn nínípọn mọ́ ọn dan-in-dan-in, ibẹ̀ ló ń pọ́n èékánná báyìí, ó ti fi kọ́tìnnì sílẹ̀. Mo gbìyànjú ewé catnip pẹ̀lú, ewé tí òórùn rẹ̀ máa ń pa ọ̀pọ̀ ológbò bí ọtí, kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ológbò kan wà tí kì í mú wọn, bí wọ́n ṣe bí wọn ni. N kì í sì kó gbogbo ohun ìṣeré sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́ta ló ń wà níta, ìyókù á wà nínú apẹ̀rẹ̀ onídèérí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta màá pààrọ̀ wọn, á sì kí wọn bí àlejò.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹsẹ̀ mi tó rí àlàáfíà lóru. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀ àká àgbàdo mọ́.

Bàbá tó ń hun aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ ohun tí òwú fi ojú Dúdúyẹmí rí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn máa gbá àjákù jọ sínú àpò kí afẹ́fẹ́ tó gbé e, wọ́n sì fún mi ní àwọ̀n tí mo kàn sójú fèrèsé. Bí wọ́n bá dìde nídìí òfì nírọ̀lẹ́, wọ́n á béèrè látojú fèrèsé pé, “Ológìnní ńkọ́, ṣé ó ti ṣọdẹ?” Lákòókò yẹn, Dúdúyẹmí á ti jókòó sábẹ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á gbójú sókè, á máa wo ìyẹ́ àkùkọ.