Bẹ́ ẹ ṣe lè tún ìka yín kọ́ bíi tàwọn onípíánò Ròmáníà tó kọ́ṣẹ́ ní Paris

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Ifẹ̀ níbí, láti Sábó títí dé Lágere, ọ̀rọ̀ yín ló wà lọ́kàn mi. Ìka wa ń sáré, ìyẹn dájú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ohùn tó ń jáde ti dì mọ́ra bí àmàlà tí wọn ò rò jinná. Àwọn Faransé ní orúkọ fún òdìkejì ẹ̀, jeu perlé ni wọ́n ń pè é, pé kí ohùn máa jáde bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn, gbogbo ẹ̀ so pọ̀ síbẹ̀ èèyàn lè ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwa tá a wà nílùú tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun láti ayébáyé, ó yẹ kí èyí tètè yé wa.

Àwọn tí mo máa ń ní káwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gbọ́ kì í ṣe Faransé o, ará Ròmáníà ni wọ́n. Clara Haskil, Bucharest ni wọ́n bí i sí ní 1895, ó gba ẹ̀bùn kìíní ní Conservatoire Paris, iléèwé orin ńlá ibẹ̀, ní 1910, ọmọ ọdún 15 péré. Dinu Lipatti ńkọ́? Wọ́n fún un ní ipò kejì níbi ìdíje kan ní Vienna ní 1933, inú bí Alfred Cortot, onípíánò Faransé tó wà lára àwọn adájọ́, débi pé ó fi iṣẹ́ adájọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí ọmọ náà máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní École Normale ní Paris, iléèwé tóun fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1919. Àmọ́ Lipatti ò lọ lọ́wọ́ òfo. Florica Musicescu ti kọ́ ọ nílé, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, Leipzig ní Jámánì lòun sì ti kọ́ṣẹ́ tiẹ̀. Etí àti ohùn tó ń kọrin ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà kí Paris tó bá a tún un ṣe. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, etí.

Ẹ wá Lipatti lórí YouTube, àwọn waltz, ìyẹn orin ijó, tí Chopin kọ tó gbà sílẹ̀ ní 1950, ọdún tó kú gan-an, ọmọ ọdún 33. Ẹ lo íàpíìsì, ẹ má lo sípíkà fóònù. Ọjọ́ kìíní, ọwọ́ òsì nìkan ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ọjọ́ kejì, ẹ gbọ́ ibi tí ohùn ti ń parí, bó ṣe ń gbé ìka kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ Haskil nínú orin Mozart, ẹ ó gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí mò ń wí.

Iṣẹ́ gan-an wá kù. Cortot gbé ìwé kan jáde ní 1928 lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìka, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sì ni pé kéèyàn má máa tẹ ibi tó le ní àtẹ̀túntẹ̀, kó wá ohun tó mú kó le, kó kọ́ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi sikéèlì D ọwọ́ ọ̀tún ṣàlàyé, ohùn mẹ́jọ tó tò tẹ̀ léra láti D dé D. Ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ fún wákàtí kan, ó sì ń kọsẹ̀ síbẹ̀, torí pé ohùn mẹ́jọ kọ́ ni wàhálà ẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni, ibi tí àtàǹpàkò ti ń gba abẹ́ ìka àárín kọjá, láti F shápù bọ́ sí G. Ẹ yọ ìyẹn nìkan jáde. Ẹ tẹ méjèèjì lọ bọ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nígbà igba, kí ọrùn ọwọ́ má fò sókè. Ẹ fa àkọ́kọ́ gùn kẹ́ ẹ gé èkejì kúrú, ẹ tún wá yí i padà. Èmi fi oṣù mẹ́ta na ara mi lórí irú ibi bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ èyí, ọjọ́ mẹ́rin ló sì gbà mí nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Èkejì, ẹ tẹ do re mi fa so mọ́lẹ̀ pọ̀, ẹ di mẹ́rin mú, kẹ́ ẹ máa gbé ìka kan tó kù sókè, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó kan ìka kọ̀ọ̀kan. Ìka kẹrin máa bá yín jà. Ìṣẹ́jú méjì ti tó lóòjọ́, tó bá ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró, ìrora kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ẹ tún máa fi ẹnu kọ ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lórin. Àwa ti ní sọ̀lfá nínú kọ́yà, àǹfààní ńlá ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra, do ti Faransé ò kúrò lórí C láéláé, tiwa ló ń tẹ̀ lé kíì tí wọ́n fi ń kọ orin, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù, àwọn kan á ní píánò gidi nìkan ló wà fún nǹkan báyìí. Mi ò gbà. Píánò Pleyel àti Érard tí àwọn Faransé fi kọ́ṣẹ́ láyé àtijọ́, kíì tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ fúyẹ́, ìdí tí iṣẹ́ ìka fi ká wọn lára nìyẹn, kíbọ́ọ̀dù wa náà sì fúyẹ́. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé ó ń gbọ́ràn sí ìka, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kó dún jẹ́jẹ́. Ẹ pa sustain, ohun tó ń jẹ́ kí ohùn máa dún lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé ìka, fún ọ̀sẹ̀ kan, òun ló ń bo àṣìṣe wa mọ́lẹ̀.

Tí iná bá lọ, ẹ má dìde. Ẹ gbé ọwọ́ lé kíì bẹ́ẹ̀, ẹ máa kọ sọ̀lfá ẹ̀ lẹ́nu bí ìka ṣe ń lọ. Tí iná bá dé, F shápù sí G ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀.