Bí ilé ìwòsàn kékeré ṣe lè máa fi àwòrán CT ránṣẹ́ láì náwó dànù

Bí dókítà ilé ìwòsàn ńlá bá lè wo àwòrán CT (àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà ní ìpele ìpele) láti ọ̀nà jíjìn, aláìsàn tí kò nílò iṣẹ́ abẹ kò ní rìnrìn àjò asán. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan. Nínú àwọn aláìsàn tí ẹ gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì dá padà láìṣe iṣẹ́ abẹ kankan? Mélòó ni wọ́n tún ya CT fún nítorí pé CD tí wọ́n gbé lọ kò ṣí? Ibẹ̀ ni owó ń gbà jò. Bí wọn kò bá tó ẹnì kan lóṣù, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan. CD tí ẹ ti dán wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn ti tó.

Ká ní dátà, epo àti owó ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ jẹ́ ₦150,000 lóṣù, tí owó ọkọ̀ àti CT àtúnyà fún aláìsàn kan sì jẹ́ ₦75,000. Aláìsàn méjì tí kò rìnrìn àjò asán ti dí owó oṣù náà. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò àpẹẹrẹ yìí. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ló ń sanwó, ẹbí aláìsàn ló ń jẹ èrè. Bí ẹ kò bá yanjú èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, láìpẹ́ kò ní sí ẹni tí yóò ra dátà. Ẹ fi owó díẹ̀ kún owó CT, tàbí kí ilé ìwòsàn tó ń gba àwòrán bá yín dá a.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: kọ̀ǹpútà tó ní RAM 8 GB àti SSD 500 GB, háàdì dísìkì kan fún ẹ̀dà ìpamọ́, àti ìnfátà tó lè gbé kọ̀ǹpútà àti ráútà. Orthanc, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba àwòrán CT, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́, ni kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà náà, kí ilé ìwòsàn kejì náà fi sórí tiwọn. Ọ̀fẹ́ ni, ilé ìwòsàn yunifásítì Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ẹ fún kọ̀ǹpútà náà ní IP (àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí kì í yí padà. Ọ̀pọ̀ ló ń kọsẹ̀ níbí: iná á lọ, iná á dé, ráútà á pín IP tuntun, CT á sì máa fi àwòrán ránṣẹ́ síbi tí kò sí ẹni tó ń gbà á mọ́. Nǹkan mẹ́ta ni wọn yóò tẹ̀ sínú CT: AE Title Orthanc (orúkọ tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀), IP rẹ̀, àti pọ́ọ̀tù 4242 (ẹnu ọ̀nà tó fi ń gba àwòrán). Ẹni tó ń tún CT ṣe lè gbowó fún èyí, ẹ béèrè iye rẹ̀ ṣáájú. Ẹ tẹ ti CT náà sí abẹ́ DicomModalities nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ Orthanc, kí ẹ wá ṣe C-ECHO, ìyẹn ìdánwò bóyá ẹ̀rọ méjèèjì ń gbọ́ ara wọn. Bí ó bá kọ̀, ẹ yẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó wo fáyàwọ́ọ̀lù (ètò tó ń dí ohun tó fẹ́ wọ kọ̀ǹpútà).

Ẹ má ṣí pọ́ọ̀tù 4242 sí ìta láé, torí DICOM lásán, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ ìwòsàn fi ń fi àwòrán ránṣẹ́, kì í bo orúkọ aláìsàn lójú ọ̀nà. Ẹ fi WireGuard, ètò tó ń bo ohun tó ń lọ láàárín kọ̀ǹpútà méjì, so ilé ìwòsàn méjèèjì pọ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí dátà ẹlẹgẹ́.

Àwòrán CT kan ṣoṣo tó nǹkan bí 0.5 MB. CT orí tí ìpele kọ̀ọ̀kan rẹ̀ nípọn tó 5 mm máa ń tó 30 àwòrán, ìyẹn 15 MB. Ti 1 mm lè tó 100 MB. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé 2 Mbps jáde, 15 MB gba ìṣẹ́jú kan, 100 MB gba bí ìṣẹ́jú méje. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi ti 5 mm ránṣẹ́, kí dókítà ti máa wò ó bí ìyókù ṣe ń bọ̀. Iyára ìfiránṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ti ìgbàsílẹ̀ tí àwọn oníléeṣẹ́ dátà máa ń polówó.

Fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà lórí WhatsApp kò lè rọ́pò èyí. CT ń tọ́jú nǹkan bí 4,096 ìpele láàárín dúdú àti funfun. Fọ́tò fóònù kò ní ju 256 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun agbárí lè pòórá pátápátá, dókítà tó gbà á kò sì lè yí ìmọ́lẹ̀ àwòrán padà láti wá a.

Ẹ ṣọ́ra fún MaximumStorageSize, ibi tí wọ́n ti ń sọ iye àyè tí Orthanc lè lò. Bí ẹ bá fi iye kan síbẹ̀, tí àyè sì kún, Orthanc á máa pa àwòrán tó pẹ́ jù rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni mẹ́wàá lójúmọ́ ní 100 MB jẹ́ 1 GB. SSD 500 GB yóò kún láàárín ọdún kan àtààbọ̀. Ẹ máa da ẹ̀dà sórí háàdì dísìkì kejì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí ọ̀kan nínú rẹ̀ wò lóṣooṣù.